Ilé Tó Dàgbà Ju Iná Lọ

Ọ̀pọ̀ ilé tó wà láàárín ìlú Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ló dàgbà ju iná mọ̀nàmọ́ná lọ. Àwọn tó kọ́ wọn kò ro ti wáyà mọ́ ọn rárá. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àtùpà ni àwọn máa tàn. Nígbà tí iná wá dé, ó bá ilé níbẹ̀ ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ lédè wa pé wọ́n "fa iná wọlé". Nǹkan tó wà níta ni wọ́n ń fà, bí ẹni ń fa okùn, títí yóò fi gba abẹ́ páànù wọ inú yàrá.

Lónìí, àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí la ń tún wọn ṣe. Ẹlòmíì wà l'Ékòó, ẹlòmíì wà nílùú òyìnbó, orí WhatsApp la ti ń dá owó jọ. A pààrọ̀ páànù, a lẹ táìsì, a kun ilé. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ wáyà, ẹnì kan á dìde láàárín wa, á ní, "Kí la fẹ́ gbé oníná wá ṣe? Ṣebí YouTube wà. A máa ṣe é fúnra wa." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn agbègbè yìí ti ń ṣe iná fúnra wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe lánàá ṣì wà lára ògiri, iná ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè fọwọ́ kan ohun tó máa pa á.

Bí iná ṣe rìn dé

Ọdún 1896 ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iná mọ̀nàmọ́ná nílẹ̀ Nàìjíríà, l'Ékòó, lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba amúnisìn tí wọ́n ń pè ní PWD. Ó pẹ́ gan-an kí ìlú inú lọ́hùn-ún tó rí i. Reluwé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Reluwé ló ń gbé páànù àti sìmẹ́ńtì wá. Nígbà tó yá, owó kòkó dé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn láàárín, tí yàrá kọjú síra wọn lápá méjèèjì. Àwọn ilé náà la ń tún ṣe lónìí.

Ní 1950 ni ìjọba ṣe òfin tó dá ECN sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè máa bójú tó iná tó fọ́n káàkiri ọwọ́ ìjọba àti àwọn ìlú. Ní 1962, wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún ìdídò lórí odò Ọya. Iṣẹ́ àjọ náà ló so èso Káínjì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 1969. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1972, wọ́n pa àjọ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní NEPA. Orúkọ yìí wọ ara wa débi pé títí di òní olónìí, tí iná bá dé, àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo "Up NEPA!", bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN láti 2005, tó sì jẹ́ pé láti 2013 ni ilé iṣẹ́ aládàáni, IBEDC, ti ń pín iná l'Ọ́ṣun.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń yà wá lẹ́nu. Láti Káínjì àti Jẹ́bà, òpó iná ńláńlá bọ̀ sí Òṣogbo kó tó kọjá sí Ìbàdàn àti Èkó. Òṣogbo náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ pé "grid ti ṣubú", Òṣogbo ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé e dìde. Láti Ìkìrun dé ibẹ̀ kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, òkùnkùn àwọn ìlú wa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi tó jìnnà. Àfi bí ẹni tó ń gbé etí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú.

Ìdí rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Iná tó ń gba orí òpó ńlá yẹn kọjá jẹ́ 330,000 volt. Èyí tí gílóòbù ń fẹ́ kò ju 230 lọ. Kí ẹ tó lè fa iná láti òkè yẹn wá sí ojúlé kan ní Inísà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ìpele ìpele: 132,000, lẹ́yìn náà 33,000, lẹ́yìn náà 11,000, kó tó kan tiransífọ́mà tó wà ní ìkóríta àdúgbò. Owó ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ìpele kan bá sì bàjẹ́, iná lè máa kọjá lókè kí ìsàlẹ̀ wà nínú òkùnkùn.

Níbi tí owó ìjọba kò dé, àwọn ará ìlú fi tiwọn dí i. Káàkiri Ọ̀ṣun, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àti ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń dá owó, tí wọ́n ń ra òpó, tí wọ́n ń ra wáyà, tí wọ́n ń ra tiransífọ́mà pàápàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ bẹ ilé iṣẹ́ iná pé kó wá so ó. Ṣé ẹ rí i pé kó tó di pé ẹnì kan ń ṣe wáyà yàrá fúnra rẹ̀, odindi àdúgbò ti ń fa iná fúnra wọn?

Inísà tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú náà wà lára àwọn Yorùbá tó lọ ṣòwò ní Gold Coast, tó di Gánà. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kó ẹrù padà wálé. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí ìdídò Akosombo ní Gánà. Ẹni tó ti ń tan iná lójú oorun níbẹ̀ kò ní fẹ́ jókòó ti àtùpà lọ títí.

Ohun tó wà lára ògiri

Nítorí pé ilé ti wà kí iná tó dé, orí ògiri ni wọ́n fa wáyà sí, wọn kò rì í sínú rẹ̀. Wọ́n á kan igi pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á tẹ́ wáyà lé e, wọ́n á fi páànù kéékèèké dè é mọ́lẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹ ṣì máa rí i nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé àgbà, níbi tí ọ̀dà ti bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nínú ilé ìdílé wa kan ní Ìkìrun tí a ń tún ṣe lọ́wọ́, ìran wáyà mẹ́ta la bá lára ògiri kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí wọ́n fi rọ́bà wé. Rọ́bà náà ti gbẹ, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣe ló ń rún bí ìpẹ́pẹ́ àkàrà. Ìkejì jẹ́ oníke, wáyà méjì péré nínú rẹ̀, kò sí earth. Ìkẹta ni èyí tí ẹnì kan fà láìpẹ́ fún fìríjì. Ó so ó mọ́ ìkejì, ó fi téèpù dúdú wé ojú ìsopọ̀ náà, ó kọjá lọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ kóòdù mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Kóòdù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ ọ́, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kóòdù tó bàjẹ́ kì í jó ilé.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tí ihò wọn róbótó ló kọ́kọ́ wà, ti 5 amp fún nǹkan kékeré, ti 15 amp fún nǹkan ńlá. Ní 1947, àwọn òyìnbó gbé ìlànà tuntun jáde fún èyí tó ní ihò pẹlẹbẹ mẹ́ta, 13 amp, òun náà la sì jogún. Nínú rẹ̀, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sí ihò méjì ìsàlẹ̀ kí ọmọdé má bàa ki ìka tàbí irin bọ̀ ọ́. Ìka earth tó gùn jù, tó ń wọ ihò òkè, ló ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a sọ èyí dà. Tí a bá ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, a á fi ìdérí bírò ṣí ihò òkè, a á sì ti ṣájà wọlé. Ohun tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ọmọdé, ọmọ ọdún méje ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Àwọ̀ wáyà ni ìtàn tó léwu jù. Nínú ìlànà àtijọ́ tí a gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni wáyà tí iná wà lára rẹ̀, dúdú ni neutral, àwọ̀ ewé ni earth. Ní ilé tó ń lo phase mẹ́ta, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni phase. Ní 2004, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ wọn padà kó lè bá ti Yúróòpù yòókù mu, ó sì di dandan ní 2006. Nínú ti tuntun, búlúù ni neutral, àwọ̀ búráùn ni phase. Tó bá jẹ́ phase mẹ́ta, búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn méjèèjì yẹn kà. Búlúù tó jẹ́ iná nínú ti àtijọ́ ti di neutral nínú ti tuntun. Dúdú tó jẹ́ neutral tẹ́lẹ̀ ti lè jẹ́ iná báyìí. Wáyà irú méjèèjì ló wà lọ́jà wa. Ẹni tó wo fídíò tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá, tó wá ṣí àpótí mítà ilé tí wọ́n wáyà ní 1975, lè di búlúù mú pẹ̀lú ìdánilójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Tẹ́sítà ni ẹ̀rí.

Ọgbọ́n tó wá láti inú òkùnkùn

Ẹni tó bá gbọ́n ní ìgbà NEPA kì í jókòó de NEPA. Ẹ rántí "low current", ìyẹn iná tó dé ṣùgbọ́n tí gílóòbù ń pọ́n bí ẹyinná tó fẹ́ kú, tí fáànù kò lè yí. Phase mẹ́ta ló ń jáde láti ara tiransífọ́mà, ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ní ìṣòro. Nítorí náà, àwọn tó ní phase ju ẹyọ kan lọ nínú ilé á yọ cut-out, wọ́n á gbé e lọ sí orí phase tó dára. Ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe jẹ́ gbajúmọ̀ láàárín àwọn ayálégbé. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo àdúgbò ló mọ ọgbọ́n kan náà. Bí gbogbo wọn bá sáré gun orí phase kan ṣoṣo, ẹrù á wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fíúùsì tiransífọ́mà á já, nígbà míì tiransífọ́mà fúnra rẹ̀ á bú gbàù. Gbogbo ilé á tún padà sínú òkùnkùn.

Fíúùsì inú cut-out náà rí tirẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ já kí ohun tó kù má bàa jó ni. Nígbà tó bá wá ń já lójoojúmọ́, èèyàn á sú. Wọ́n á bó wáyà kan, wọ́n á fa bàbà inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi dè é. Kò ní já mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ já nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù, bí kì í bá ṣe fíúùsì, wáyà inú ògiri ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilé tí wọ́n wáyà fún gílóòbù mẹ́fà, 60 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń fa 360 watt. Pín in sí 230 volt, kò tó 2 amp. Lónìí, nínú ilé kan náà, áyọ́ọ̀nù jẹ́ 1,000 watt, kẹ́tùlù jẹ́ 2,000, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sókè jẹ́ nǹkan bí 750. Tí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní 16 amp. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ti di ìlọ́po mẹ́wàá, àmọ́ ooru kì í pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀: tí iná bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ooru inú wáyà á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ooru yẹn sì máa ń kóra jọ síbi tí ìsopọ̀ ti dẹ̀, lábẹ́ téèpù dúdú, nítòsí àjà onígi. Ìdí nìyẹn tí wáyà tó ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún fi lè jó ilé ní ọ̀sẹ̀ tí a gbé nǹkan tuntun wọlé.

Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré dé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour". Ẹni tó ní changeover nílé kò ní ìṣòro, nítorí ó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti NEPA. Ẹni tí kò ní in á ṣe wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì lórí méjèèjì, á ti ọ̀kan bọ jẹnẹrétọ̀, á ti ìkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, gbogbo ilé á tàn. Bí kò bá wá rántí pa iná NEPA níbi mítà, iná jẹnẹrétọ̀ á gba orí wáyà jáde lọ bá tiransífọ́mà. Tiransífọ́mà kò mọ ibi tí iná ti ń bọ̀. Bó ṣe ń sọ 11,000 di 230 náà ló lè sọ 230 di 11,000. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó lọ tún wáyà ṣe, tó gbàgbọ́ pé wọ́n ti mú iná, ló máa bá a pàdé lókè.

A kò sọ gbogbo èyí láti fi àwọn tó ṣáájú wa ṣẹ̀sín. Wọ́n wà nínú òkùnkùn, wọ́n sì wá ọ̀nà àbáyọ. Àmọ́ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá ló ṣẹ́ kù sára ilé.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Sólà àti inverter ni ọgbọ́n ti ìran tiwa. Òun náà ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ sínú wáyà lónìí, torí ó dà bíi pé 12 volt kò lè pa èèyàn. Lóòótọ́, ó ṣòro kí 12 volt gbé èèyàn. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fa 1,000 watt láti ara bátìrì 12 volt, ó tó 83 amp. Wáyà tó tó fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kò lè ru ú rárá, á pọ́n, ike rẹ̀ á yọ́, á sì gbiná. Nípa báyìí, àṣìṣe tó rọrùn jù ni láti ra inverter olówó ńlá, ká so ó mọ́ wáyà tí bàbá àgbà fi tan gílóòbù mẹ́fà.

Ǹjẹ́ kí wá ni ká ṣe fúnra wa? Ó pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ilé. Ẹ pa iná níbi mítà, ẹ fi tẹ́sítà rí i dájú pé ó ti lọ lóòótọ́, kí ẹ tó ṣí àpótí súwíìṣì kankan. Ẹ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ẹ kọ iye watt gbogbo ohun tó wà nínú ilé sílẹ̀, kí ẹ ṣe ìṣirò bí a ti ṣe é lókè yìí. Bí ẹni tó wáyà ilé náà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ kí wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, ibo lẹ gba wáyà yìí sí?" Ìdáhùn kan lẹ́nu wọn lè gbà yín lọ́wọ́ fífọ́ ògiri mẹ́ta.

Bó bá wá kan títún wáyà ilé fà, pákó mítà, earth, changeover àti inverter, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ṣe é. Láti 2015 ni òfin ti gbé iṣẹ́ yíyẹ wáyà wò àti fífi ọwọ́ sí i lé NEMSA lọ́wọ́. Owó rẹ̀ lè dùn wá, àmọ́ òwe tó sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ọba ni wọ́n pa á fún. Ilé ìdílé tó bá jó, WhatsApp la máa padà sí láti tún dá owó, ẹlòmíì kò sì ní dá a mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ àwòrán náà sórí pépà, ẹ kọ ọdún sí i, ẹ kọ ìtumọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn àpótí mítà. Àwọn tó fa iná wọ ilé wọ̀nyí ní àkọ́kọ́ kò fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ìyẹn ló jẹ́ ká máa fi ọwọ́ wá ìtàn lára ògiri. Ẹni tó máa tún ilé náà ṣe ní 2060 lè má mọ̀ wá, ṣùgbọ́n á mọ èyí tó jẹ́ iná nínú wáyà tó dì mú.